Ọgọ́rùn-ún Iṣu Irọ́

Nínú gbogbo ọjà tí Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹgbẹ, fi ń yangàn lóde òní, kò sí èyí tí ó le fún àgbàlagbà láti ná tó èyí tí ó wà ní Òtígbà ní Ìkẹjà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Computer Village. Nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ní òórùn tí imú lè gbọ́, kò ní adùn tí ahọ́n lè tọ́ wò, ohun tí wọ́n sì kọ sí ara páálí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí oníbàárà mọ̀ nípa rẹ̀ títí tí yóò fi sanwó tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí wà lára àwọn tí ó kéré jù lọ nínú ọjà náà, bóyá òun náà sì ni irọ́ rọrùn jù lọ láti fi pamọ́ sí. Mẹ́mórì káàdì ni mo ń wí, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ inú fóònù, inú kámẹ́rà àti inú rédíò, tí gígùn èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju mìlímítà 15 lọ, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju 11, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lójú ọjà, ẹni tí ó ni ín lè wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ wo ohun tí àwa ọmọ Yorùbá ti kó sínú ohun bíńtín yìí láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Àgbẹ̀ tí ń lọ sí oko kòkó ní ìhà Oǹdó gbé rédíò kékeré kọ́ èjìká, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì kankan ni ó ń gbọ́, bí kò ṣe àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá tàbí ti Àyìnlá Ọmọwúrà tí ọmọdékùnrin kan tí ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì bá a kó sí mẹ́mórì ní owó táṣẹ́rẹ́. Ìyá tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè lọ sí ibi wáàsí mọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ àáfà rẹ̀ láti inú fóònù. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ ń gbọ́ ìwàásù tirẹ̀ láti inú irú fóònù kan náà. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n gba ohùn bàbá wọn sílẹ̀ níbi tí ó ti ń ki oríkì orílẹ̀ ìdílé wọn láti ìran dé ìran, kí bàbá tó di ẹni ilẹ̀, tí wọn kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn ju inú mẹ́mórì kan ṣoṣo lọ. Nígbà tí ohun tí a fi pamọ́ bá níye lórí tó báyìí, a kò gbọdọ̀ máa sọ pé ọ̀rọ̀ ibi tí a fi pamọ́ sí jẹ́ ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn baba wa a máa sọ pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó ní igba ni òun gbìn, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́. Bí a bá jí àwọn àgbà ìgbàanì dìde tí a ní kí wọ́n júwe mẹ́mórì káàdì ayédèrú fún wa, n kò rò pé wọn ì bá rí ohun kan sọ tí yóò ṣe é régí ju èyí lọ. Oníjìbìtì a mú káàdì tí àyè inú rẹ̀ kò ju 8GB lọ, a tún àṣẹ inú rẹ̀ kọ kí ó lè máa dá ẹnikẹ́ni tí ó bá bi í léèrè lóhùn pé 128GB ni òun, a tẹ 128GB sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, a sì kó o sínú páálí tí ó ń dán. Nígbà tí ẹ bá kì í bọ fóònù, fóònù yóò kéde pé 128GB ni. Ojú oníbàárà yóò wálẹ̀, nítorí ó rò pé fóònù ti wọ̀n ọ́n. Fóònù kò wọn nǹkan kan. Ó béèrè ni, káàdì sì dáhùn.

Ohun tí ó mú kí irọ́ yìí pẹ́ kí ó tó tú ni pé ọgọ́rùn-ún iṣu àkọ́kọ́, iṣu gidi ni. Ẹni tí ó ra káàdì náà yóò kó orin díẹ̀ sí i, yóò ya àwòrán díẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì dùn-ún gbọ́ dùn-ún wò fún oṣù mélòó kan, tí yóò fi máa bá ẹni tí ó tà á fún un ṣe àwàdà bí ó bá tún gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà tí ohun tí ó kó sí i bá kọjá 8GB ni ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Nínú àwọn káàdì mìíràn, ohun tuntun yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì gorí ohun àtijọ́, tí ti àtijọ́ yóò fi parẹ́. Nínú àwọn mìíràn, káàdì yóò gba ohun tuntun náà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, yóò sì dà á nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé apá ìbẹ̀rẹ̀ káàdì, níbi tí àyè gidi wà, ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn fáìlì sí, nítorí náà orúkọ gbogbo wọn lè wà lójú fóònù ní títò lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìwọ̀n wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kan èyíkéyìí láti ṣí i, orúkọ wà, ara kò sí. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ayàwòrán tí wọ́n pè sí òkú àgbà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ó ya àìsùn, láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ó ya ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ya ìgbà tí wọ́n gbé pósí sọ kalẹ̀ tí àkọ́bí bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, lọ́sàn-án ó wá dé ibi ìnáwó, níbi tí aṣọ ẹbí ti pọ̀ bí ewé, tí olórin ń ki onílé, tí owó sì ń fò lókè. Ó ń tẹ kámẹ́rà, kámẹ́rà sì ń fi àwòrán tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà hàn án, nítorí kámẹ́rà ní ibi tí ó ń gbé àwòrán sí nínú ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kó o lé káàdì lọ́wọ́. Kò sí ohun tí ó lè mú un fura. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí ó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò rí i pé àwòrán ìnáwó ti gorí àwòrán ibojì. A lè tún aṣọ ẹbí wọ̀, a lè pe olórin padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá àkọ́bí olóògbé pé kí ó jọ̀ọ́, kí a hú bàbá jáde kí ó lè tún bu iyẹ̀pẹ̀ sí i? Ayàwòrán náà ni wọn yóò pè ní olè, òun sì kọ́ ni olè.

Kí ó tó di pé a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bí ohun yìí ṣe ṣeé ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Fujio Masuoka, tí ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni ó gbé irú ìrántí tí ó wà nínú mẹ́mórì káàdì kalẹ̀ fún aráyé láàárín ọdún 1980 sí 1989, ìrántí tí iná mànàmáná lè lọ lórí rẹ̀ kí ó má sì gbàgbé ohun tí a fi sí i. Nígbà tí ó di ọdún 2000, Toshiba àti SanDisk pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tí ó ni Panasonic kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin káàdì SD sílẹ̀. Ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ náà sì gba èyí tí ó kéré jù, microSD, wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé káàdì kì í ṣe àpótí lásán. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ àwọn ibi tí ó ní àbùkù nínú ìrántí náà, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan jáde ní ilé iṣẹ́ láìní àbùkù kankan, kí ó fi wọ́n pamọ́, kí ó sì máa darí ohun tí a bá gbé wá sí ibi tí ó dára. Ẹ rí i pé láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni káàdì ti ní ẹnìkan nínú tí ń gbẹnu sọ fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ní ìlú Hamburg nílẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Andrew Huang àti Sean Cross, fi han ìpàdé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pé a lè wọ inú agbẹnusọ yìí lọ kí a sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa sọ.

Huang yìí kan náà ti ko ẹjọ́ ayédèrú lójú ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 2010 ó kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé kà bí àwọn microSD tí wọ́n rà fún ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní Ṣáínà ṣe ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ó ṣe ka nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí ó wà nínú wọn tí ó sì rí i pé nọ́ḿbà náà kò jọ ti ọmọlúàbí, àti bí ó ṣe lọ ra òmíràn kiri ní ọjà Shenzhen, tí ó sì fi ásíìdì yọ́ ẹ̀yìn wọn kúrò kí ó lè rí ohun tí ó wà nínú. Mo mú ìtàn yìí wá fún ìdí kan. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ọkùnrin yìí, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń rà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń bá ṣiṣẹ́, orúkọ ńlá sì wà lára káàdì tí wọ́n kó fún un. Síbẹ̀ wọ́n rí i mú. Kí ni a wá fẹ́ retí lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tí ó sá dé Òtígbà ní ọ̀sán gangan láti ra mẹ́mórì fún ọmọ rẹ̀ kí ó tó sáré padà sí ìdí ìkòkò?

Èyí ni kò jẹ́ kí n lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ojúkòkòrò oníbàárà ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Wọn a ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, wọn a sì ṣe bí ẹni pé òwe ti parí ẹjọ́. Òtítọ́ ni òwe náà ní apá kan: bí wọ́n bá na 256GB sí yín ní owó tí kò tó ti 32GB ní ilé ìtajà tí ó dúró dáadáa, ẹ má ṣe sọ pé orí ló bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ìsọ̀. Màmá kan dúró, ó ní, “Ọmọ mi, èló ni mẹ́mórì yìí? Ṣé ojúlówó ni?” Ọmọkùnrin náà dá a lóhùn pé, “Mọ́mì, ẹ fọkàn yín balẹ̀, orijináà ni, kò sí fẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ tèmi.” Ó dárúkọ iye kan. Màmá ní ó ti wọ́n jù. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ba, ó mú òmíràn jáde lábẹ́ tábìlì: páálí kan náà, orúkọ kan náà, nọ́ḿbà kan náà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ìlàjì owó. “Ẹ gba èyí, mọ́mì, òun náà ń ṣiṣẹ́.” Ẹni tí ó bá ti rí i bí ọwọ́ yẹn ṣe lọ sábẹ́ tábìlì tí ó sì padà yóò mọ̀ pé ọmọ náà mọ ìyàtọ̀ tí ojú màmá kò lè rí láéláé. Ó tún kù síbẹ̀ o: kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí ó wà lókè tábìlì gan-an kì í ṣe ọmọ ìyá èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Owó pọ́ọ́kú lè fi ayédèrú hàn. Owó gọbọi kò lè dá a láre.

N kò sì ní parọ́ mọ́ gbogbo ọlọ́jà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń dúró nínú oòrùn yẹn, tí wọ́n ń nawọ́ sí ẹni tí ń kọjá lọ, ọwọ́ ọ̀gá kan ni wọ́n ti ń gba ọjà, ọ̀gá náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o ní páálí ńláńlá láti òkè òkun, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó jókòó kí ó kún káàdì kan dé ẹnu kí ó tó tà á. Àìmọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀ràn. Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá padà wá pẹ̀lú omijé lójú tí wọ́n sì ní àwọn kò rí i rí.

Nísinsìnyí, kí ni ẹni tí ó fẹ́ rà á lè ṣe? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà lára káàdì, nítorí ayédèrú mìíràn a máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Òfin ẹgbẹ́ SD ni pé èyí tí a bá kọ SDHC sí lára kò gbọdọ̀ ju 32GB lọ. Láti ibẹ̀ lọ dé 2TB, SDXC ni ó ń jẹ́. Bí ẹ bá rí SDHC tí wọ́n kọ 64GB sí, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye rẹ̀. Ọdún 2019 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde microSD tí ó tó 1TB, owó rẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń kiri 1TB nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ní owó tí a fi ń ra oúnjẹ ọ̀sán, ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́ ni ó dì sínú ọ̀rá. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i bóyá ó ń ṣí bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, ẹ wo bóyá wọ́n ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé èyí, nítorí àwọn tí ń tẹ páálí ayédèrú ti mọ iṣẹ́ wọn lóde òní débi pé ó ń yà mí lẹ́nu pé wọn kò lo ọgbọ́n náà fún ohun tí ó dára.

Mo tún gbọ́dọ̀ gbèjà ọlọ́jà níhìn-ín lórí ohun kan tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ lójú ìsọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá ra 32GB tí kọ̀ǹpútà sì sọ fún yín pé 29 àti díẹ̀ ni òun rí, wọn kò rẹ́ yín jẹ. Ẹgbẹ̀rún kan ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì fi ń ka ìwọ̀n rẹ̀ láti ipele dé ipele, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń fi 1,024 ka tirẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n, òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀. Bákan náà, àwọn fóònù àtijọ́ wà tí wọn kò mọ ohun tí ó ju 32GB lọ, tí ẹ bá sì kì 64GB bọ̀ wọ́n, wọn yóò ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ẹ̀bi fóònù ni. Káàdì gidi náà a sì máa bàjẹ́: a ń fà á yọ nígbà tí fóònù ṣì ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́, a ń kọ, a ń pa rẹ́, a tún ń kọ, bẹ́ẹ̀ ìrántí irú èyí ní iye ìgbà tí a lè kọ ọ́ kí ó tó gbó. Àgbà tí kò bá fi ìyàtọ̀ sáàárín èyí tí ó gbó àti èyí tí ó purọ́ kò ní lè ṣe ìdájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà tí ó dájú jù lọ ni kí a kún un. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní H2testw, tí àwọn ará Jámánì kọ, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. F3, tí Michel Machado kọ, ń ṣiṣẹ́ lórí Linux àti Mac. Wọn yóò kọ nǹkan sí káàdì náà títí yóò fi kún dẹ́múdẹ́mú, wọn yóò wá padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn yóò sì sọ fún yín ibi tí òtítọ́ parí sí. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi fóònù ṣe é: kí ó kó fíìmù sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ó yọ ọ́, kí ó tún un kì bọ̀ ọ́, kí ó wá ṣí fíìmù àkọ́kọ́ àti èyí tí ó kó kẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ kí méjèèjì ṣeré fún ìgbà díẹ̀. Yíyọ tí mo ní kí ó yọ ọ́ yẹn ṣe pàtàkì, kí fóònù má baà máa fi ohun tí ó ṣì wà nínú ìrántí tirẹ̀ tan ènìyàn. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni àkókò. Káàdì tí wọ́n kọ 10 sínú lẹ́tà C lára rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò máa gba ó kéré tán 10MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń rìn ní ìwọ̀n yẹn, kíkún 64GB nìkan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì, kí a tó sọ pé a fẹ́ kà á padà. Ta ni yóò dúró ní Òtígbà fún wákàtí méjì, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tí ń fa ènìyàn ní aṣọ? F3 ní apá kan tí ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í kún káàdì kí ó tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn kan tún ń sọ pé bí ènìyàn bá ti ra ayédèrú, ó lè gé e mọ́ ibi tí òtítọ́ rẹ̀ mọ kí ó sì máa lò ó lọ. A lè ṣe é. Èmi kò gbà á nímọ̀ràn. Ẹni tí ó purọ́ ìwọ̀n, kí ni ẹ rò pé ó lò fún iyòókù?

Nítorí náà ẹ̀tọ́ dídá a padà ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fún ẹni tí ó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ẹ́ wò, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí ó sì gba owó rẹ̀ bí ọjà náà bá ní àbùkù tàbí bí kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n pè é. Àjọ náà sì ti kéde fún àwọn ọlọ́jà pé gbólóhùn tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, pé ọjà tí a bá ti tà a kì í gbà á padà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni mélòó ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí ń rà? Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ní kí ọlọ́jà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ káàdì náà, ìwọ̀n rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi yẹ ẹ́ wò nílé kí ẹ tó dá a padà bí kò bá pé. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá béèrè èyí. Ẹni tí ó bá gbé bírò ni kí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀; ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé gìdìgbà-gidigba, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí gbogbo ẹrù náà wà lórí oníbàárà, nítorí àwọn ọjà wa kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn aláàbòsí bẹ̀rẹ̀ sí fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú kí gàárì lè dà bí ẹni pé ó kún, kì í ṣe pé a sọ fún àwọn tí ń ra gàárì pé kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ìyálọ́jà ni ó ń gba kóńgò náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in, tí ó ń yí i dà lójú gbogbo ọjà, tí ó sì ń bu ìtànràn fún un. Òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà lápapọ̀. Mẹ́mórì káàdì ayédèrú kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú lọ, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ oníbàárà kò lè wọlé lọ fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà Òtígbà wà, CAPDAN ni wọ́n ń pè é, ó ní olóyè, ó sì ní ọ́fíìsì. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn kò pọ̀. Kí wọ́n gbé tábìlì kan kalẹ̀ sí ibi tí ènìyàn ń gbà wọ ọjà, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta lé e pẹ̀lú àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí mo dárúkọ, kí wọ́n fi ọmọ kan tí ó mọ iṣẹ́ náà sídìí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ra mẹ́mórì nínú ọjà wọn lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó bá ọjà tirẹ̀ lọ, kí ó sì padà wá gbọ́ èsì; èyí tí ó bá sì purọ́, kí ẹgbẹ́ mú ẹni tí ó tà á kí ó san owó padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba gbogbo irú rẹ̀ tí ó kù ní ìsọ̀ rẹ̀. Àjọ FCCPC pẹ̀lú àjọ SON tí ń mójú tó ojúlówó ọjà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tọ ipa àwọn tí ń kó o wọlé. N kò rò pé ìnáwó tábìlì náà lè tó owó tí ìsọ̀ ńlá kan ń san fún epo jẹnẹrétọ̀. Títí wọn yóò fi gbé e kalẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe fi ohùn òbí yín tàbí àwòrán ọmọ yín sínú káàdì tí ẹ kò tíì kún wò, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí.